Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá lẹ́yìn oyún: ìtọ́sọ́nà lórí jẹjẹrẹ ibi ọmọ

Jẹjẹrẹ kan wà tó jẹ́ pé oyún ló máa ń bá wọlé. Kì í ṣe ti ọrùn ilé ọmọ tí wọ́n ń kéde lórí rédíò, kì í sì í ṣe ti ọmú. Ara ibi ọmọ ni í ti í bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ibi ni pé kí wọ́n ta gbòǹgbò díẹ̀ sínú ilé ọmọ kí oúnjẹ lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ, kí wọ́n sì bá ibi jáde lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Nínú àrùn yìí, àwọn kan nínú wọn kò jáde. Wọ́n á máa hù lọ sínú ẹran ilé ọmọ, wọ́n á bọ́ sínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé wọn dé ẹ̀dọ̀fóró, ojú ara, ẹ̀dọ̀, àní ọpọlọ pàápàá. Choriocarcinoma ni àwọn dókítà ń pè é.

Ó ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pè é ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń ṣe obìnrin, ekukáká la fi lè rí èyí tó ń gbọ́ oògùn tó o. Lọ́dún 1956 ni Roy Hertz àti Min Chiu Li, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, kéde pé oògùn kan, methotrexate, lé e lọ lára àwọn obìnrin tí tiwọn ti ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Òun ni jẹjẹrẹ oníkókó àkọ́kọ́ tó ti ràn káàkiri ara tí oògùn nìkan wò sàn. Lónìí, obìnrin tó bá ti ipa rẹ̀ kú, ọ̀nà méjì ló sábà ń bá a lọ: wọn kò tètè mọ̀ ọ́n, tàbí òun fúnra rẹ̀ pa ìtọ́jú tì nígbà tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dá.

Àwọn tí a kọ èyí fún ni ìyàwó ilé, ọkọ, ìyá ọkọ àti agbẹ̀bí láti Kabba dé Ìyàrá, láti Mọpà dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Kogi.

1. Mọ irú oyún tó lè bí i

Oyún èyíkéyìí ni: èyí tó bàjẹ́, èyí tí a ṣẹ́, èyí tó fìdí síta ilé ọmọ, títí kan èyí tí a bí ní àlàáfíà tí ọmọ rẹ̀ ti ń rà bàbà. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló ń tẹ̀lé oyún kan tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní mólà.

Nínú mólà, ibi kò dàgbà bí ibi. Ó wú di róńdó kéékèèké tó kún fún omi, ó ṣù jọ bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ létí odò. Oríṣi méjì ló wà. Nínú mólà kíkún, kò sí ọmọ rárá: ẹyin obìnrin tó ti sọ ohun àbínibí tirẹ̀ nù ni àtọ̀ wọ̀, gbogbo ohun àbínibí tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ti bàbá. Nínú mólà àbọ̀, àtọ̀ méjì ló sábà wọ ẹyin kan. Ọmọ lè fẹ́ hàn, ṣùgbọ́n kì í yè. Ọjọ́ tí oyún dúró gan-an ni ọ̀ràn ti bàjẹ́. Kò sí ohun tí obìnrin náà jẹ, ẹrù tó rù bọ̀ láti oko, tàbí orogún tó bá jà tó lè fà á. A là á mọ́lẹ̀ torí pé gbogbo àkókò tí ẹbí fi ń wá ẹni tó ṣe é ni sẹ́ẹ̀lì fi ń rìn.

Mólà pọ̀ díẹ̀ sí i lára ọmọdébìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré gan-an, lára ẹni tó ti lé ní 40, àti lára ẹni tó ti ní in rí. Nínú obìnrin 100 tó bá ní mólà kíkún, nǹkan bí 15 sí 20 ni yóò nílò oògùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn tí a bá ti fọ ilé ọmọ wọn. Nínú 100 tó ní mólà àbọ̀, wọn kì í sábà tó 5.

Bí mólà ṣe ń fara hàn: ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, èébì tó kọjá ti oyún, tí obìnrin kò lè mu omi gan-an kó dúró, ikùn tó ga ju iye oṣù tó kà lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20, àyà tó ń já pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Nígbà mìíràn róńdó wọ̀nyẹn á bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dà á sí ṣáláńgá. Ẹ bù ú sínú ike mímọ́ tó ní ìdérí, ẹ má bu omi tàbí ọtí sí i, kí ó sì dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà.

2. Fi PT wò ó kí o tó fi orúkọ pè é

Ẹ̀jẹ̀ ìkúnlẹ̀ yẹ kó tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ti oyún tó bàjẹ́ kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tó dá tó tún ń padà wá láìlétò, àwọn àgbà á ní ilé ọmọ ló ń fọ ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. PT, àyẹ̀wò oyún tí a ń fi ìtọ̀ ṣe, tí kì í wọ́n ní kẹ́míìsì, ló máa sọ.

Ìdí ni pé họ́mónù tí PT ń wá, hCG, ibi ọmọ ló ń ṣe é. Bí ibi bá ti jáde tán, hCG náà á lọ: láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbímọ, láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn oyún tó bàjẹ́. PT tó ṣì ń fa ìlà méjì lẹ́yìn ìyẹn ń sọ ọ̀kan nínú mẹ́ta: oyún tuntun ti wọlé, ara ibi kan ṣẹ́kù sínú, tàbí sẹ́ẹ̀lì ibi ti ń hù fúnra rẹ̀. Síkáàn ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìtọ̀ àkọ́kọ́ ní àárọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ tó mu omi. Ẹ wo ọjọ́ tí PT náà máa bàjẹ́ lára páálí rẹ̀. Ẹ kà á láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìlà tó bá yọ lẹ́yìn wákàtí kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ìlà kejì tó fẹ́lẹ́ pàápàá, ìlà ni. Ohun kan wà tó máa ń tan àwọn òṣìṣẹ́ láàbù alára jẹ: bí hCG bá pọ̀ kọjá ààlà, bí ó ṣe máa ń rí nínú mólà ńlá, ó lè bo PT mọ́lẹ̀ kó má fa ìlà kankan. Nítorí náà, bí ikùn bá ga, tí èébì àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tí PT sì ní kò sí oyún, ẹ ní kí láàbù fi omi là ìtọ̀ náà, ìdá kan ìtọ̀ sí mẹ́sàn-án omi, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò.

Ibi tí àṣìṣe ti burú jù ni ikọ́. Obìnrin tó bímọ tàbí tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ láàárín ọdún kan tàbí méjì sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde, àyà rẹ̀ ń dùn ún. Ìyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ fún un, kò sì burú, kí wọ́n ṣe é. Àmọ́ kí wọ́n ṣe PT pẹ̀lú lọ́jọ́ kan náà. Bákan náà ni fún obìnrin tí kò ní wárápá rí tí gìrì ṣàdédé mú, tàbí tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ. Wọ́n ti máa ń fi oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe odindi oṣù mẹ́fà lórí ohun tí PT kan ì bá ti fi hàn.

3. Lọ síbi tí wọ́n ti lè ka hCG

PT kò lè sọ iye. Àyẹ̀wò tí ẹ ń wá ni èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe, tó ń gbé nọ́ńbà jáde. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún láàbù: “hCG tó ní nọ́ńbà.” Bí ẹ bá kàn ní “àyẹ̀wò oyún”, PT náà ni wọ́n á tún ṣe fún yín, owó á sì lọ.

Ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ àti jẹ́nẹ́rà tó wà nítòsí yín ni ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀: síkáàn, PCV (bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára), irú ẹ̀jẹ̀, àti fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára bó bá di dandan. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ di ti ilé ìwòsàn ńlá. Ọ̀pọ̀ ará Kabba, Ìjùmú àti Bùnú máa ń gba Ọbájànà lọ sí Lọ́kọ́ja, níbi tí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà, èyí tí àwọn èèyàn ṣì ń pè ní FMC. Fún àwọn ará Yàgbà, pàápàá láti Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀nà Ẹrúkù àti Òmù-Àrán lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin sábà máa ń rọrùn jù. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ rìn lójúmọmọ, ẹ wọ ìlú kí ọjọ́ tó rọ̀, kí ẹ sùn ti mọ̀lẹ́bí, nítorí kílíníkì obìnrin kì í ṣí lójoojúmọ́. Kí ẹnì kan kọ́kọ́ pè tàbí lọ béèrè nǹkan méjì: ọjọ́ kílíníkì, àti bóyá methotrexate àti folinic acid, oògùn tí wọ́n ń lò pẹ̀lú rẹ̀, wà nílẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó dání: ìwé gbogbo síkáàn tí ẹ ti ṣe, títí kan èyí tí dókítà kan ní kò wúlò, káàdì ìdáyẹ̀wò aboyún, ìwé histology (àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n yọ lára) bó bá wà, ọjọ́ tí oyún kẹ́yìn parí àti bó ṣe parí, iye ìgbà tí wọ́n ti fọ ilé ọmọ, oògùn tí ẹ ń lò, àgbo pẹ̀lú. Ẹ má tijú oyún tí a ṣẹ́. Dókítà ń lo ìdáhùn yẹn láti fi ṣe máàkì tí a máa sọ níwájú, irọ́ kan níbẹ̀ lè gbé obìnrin sí ìtọ́jú tí kò tó o. Ní Lọ́kọ́ja, nọ́ọ̀sì tí ẹ bá pàdé lè jẹ́ Ígálà tàbí Ẹ̀bìrà, nítorí náà kí ẹnì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa tẹ̀ lé yín, kó máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀.

Wọ́n á ya àyà ní X-ray torí pé ẹ̀dọ̀fóró ni àrùn yìí kọ́kọ́ ń sá lọ. Wọ́n á yẹ kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti táírọ́ìdì wò. Bí àbàwọ́n bá wà lórí X-ray, wọ́n lè ní kí ẹ ṣe CT tàbí MRI orí, ìyẹn àwòrán inú orí.

Ọ̀rọ̀ kan fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí: bí ẹ bá wo ojú ara tí ẹ rí kókó kan tó ní àwọ̀ elésè-àlùkò, ẹ má fi nǹkan gé níbẹ̀ láti fi ṣe àyẹ̀wò, ẹ má sì tú u. Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú rẹ̀, dídá rẹ̀ dúró lè di ìjà ikú. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ síwájú.

4. Bó bá jẹ́ mólà: fífọ ilé ọmọ

Ẹ̀rọ tó ń fà á jáde ni wọ́n ń lò, ì báà jẹ́ ti iná tàbí MVA ọlọ́wọ́, lábẹ́ síkáàn bó bá ṣeé ṣe. Irin tí wọ́n fi ń họ ilé ọmọ kò dára láti fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ilé ọmọ tó gbé mólà rọ̀, irin lè dá ihò sí i. Kí ó kéré tán báàgì ẹ̀jẹ̀ méjì wà ní sẹpẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀jẹ̀ inú mólà máa ń tú lójijì. Ọkọ àti àbúrò ọkọ ni kí wọ́n ti lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ ṣáájú.

Kí ẹnikẹ́ni má ra misoprostol ní kẹ́míìsì láti fi ti mólà jáde nílé. Bí ilé ọmọ ṣe ń sún kì, ó lè ti sẹ́ẹ̀lì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí iye obìnrin tó máa nílò oògùn jẹjẹrẹ pọ̀ sí i. Bí irú ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà bá ní àmì ìyọkúrò, bíi O− tàbí A−, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ anti-D, tó ń dáàbò bo oyún ọjọ́ iwájú, láàárín wákàtí 72.

Ohun tó bá jáde, histology ló ń lọ, kì í ṣe inú ihò. Fọ́málìn 10% ni kí wọ́n bu sí i, kí omi náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Orúkọ, ọjọ́ àti nọ́ńbà káàdì gbọ́dọ̀ wà lára ike fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára ìdérí, nítorí láàbù máa ń ṣí ìdérí oríṣiríṣi pọ̀. Láìsí ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá mólà kíkún ni tàbí àbọ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ń yọ lẹ́yìn náà, kí ẹ má gbà kí wọ́n kàn tún ilé ọmọ fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ béèrè hCG tó ní nọ́ńbà ná.

5. Kíka nọ́ńbà, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń já. Ẹ̀jẹ̀ ti dá, ara ti le, àkókò ìkọ́ ebè ti dé, owó mọ́tò sì nìyí. Ṣùgbọ́n dídá ẹ̀jẹ̀ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú bóyá sẹ́ẹ̀lì ti tán. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀.

Ẹ ra ìwé ẹlẹ́fà kan. Lójú ewé kọ̀ọ̀kan ẹ fa ìlà mẹ́ta: ọjọ́, nọ́ńbà, láàbù. Wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí hCG á fi wá sísàlẹ̀ 5, á sì dúró síbẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta léraléra. Lẹ́yìn ìyẹn, fún mólà kíkún, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún oṣù mẹ́ta; fún mólà àbọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ́yìn oṣù kan. Àwọn dókítà kan ṣì ń tẹ̀ lé ètò àtijọ́ tó jẹ́ oṣù mẹ́fà. Bí tiyín bá ní bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn mólà, ó lè gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ 14, kó tó wálẹ̀ pátápátá, nítorí náà pé kò tíì tó sísàlẹ̀ 5 lóṣù àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun ẹ̀rù bó bá ṣáà ti ń wálẹ̀.

Bí 84,000 bá di 9,200, tó di 1,150, tó di 240, ó ń lọ dáadáa. Bó bá jẹ́ 410, 398, 421, 405, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò kúrò lójú kan ju 10 nínú 100 lọ, ó ti dúró, àrùn wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 200, 260, 350, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 10 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀, àrùn ń hù. Àwọn òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà obìnrin jákèjádò ayé fẹnu kò lé lórí nìyẹn, kò sì sóhun tó ní kí ẹ má kà á fúnra yín kí ẹ tó rí dókítà.

Láàbù kan náà ni kí ẹ máa lò. Ẹ̀rọ oríṣiríṣi máa ń ka ẹ̀jẹ̀ kan náà yàtọ̀ síra, tí 240 ti ìhín fi lè di 310 lọ́hùn-ún, kí gbogbo ilé sì máa sunkún lásán. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ béèrè bóyá ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín lè gba ẹ̀jẹ̀ náà, kí wọ́n yọ omi ojú rẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ nínú kúlà sí láàbù yẹn. hCG kì í tètè bàjẹ́ bí ọ̀pọ̀ ohun mìíràn inú ẹ̀jẹ̀. Má sì fi PT rọ́pò rẹ̀: PT kì í sábà rí ohun tó bá ti wá sísàlẹ̀ 25, nígbà tí àrùn sì lè fara pa mọ́ sí 18.

Oyún kò gbọ́dọ̀ wọlé ní gbogbo àkókò yìí, nítorí pé oyún tuntun náà ń gbé hCG sókè, kò sì sẹ́ni tó máa lè mọ̀ èyí tó ń gòkè nínú méjèèjì. Oníṣègùn ò lè fi ojú yà wọ́n. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró dára, rọ́bà náà dára. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè mú ẹ̀jẹ̀ yọ ségesège, ìyẹn á sì kó ìdààmú báni. Èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ ni kí ẹ má tíì fi sí i, títí nọ́ńbà á fi wálẹ̀. Kí ọkọ wà níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń sọ̀rọ̀ yìí. Bó bá ti ẹnu ìyàwó nìkan gbọ́ ọ, ó lè rò pé àwáwí ni.

6. Bí nọ́ńbà bá kọ̀: máàkì àti oògùn

Kí wọ́n tó yan oògùn, wọ́n á ṣe máàkì. Ọjọ́ orí 40 sókè gba 1. Oyún tó ṣáájú bó bá jẹ́ mólà gba 0, oyún tó bàjẹ́ 1, ọmọ tí a bí 2. Àkókò láti ìgbà oyún yẹn: oṣù 4 sí 6 gba 1, oṣù 7 sí 12 gba 2, oṣù 13 sókè gba 4. hCG láti 1,000 gba 1, láti 10,000 gba 2, láti 100,000 sókè gba 4. Wọ́n á tún wo bí kókó ṣe tóbi tó, iye ibi tó ràn dé àti ibi tó jẹ́ (ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ gba 4), àti bóyá oògùn kan ti kùnà lórí rẹ̀. Wọ́n á ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí kò bá ju 6 lọ, oògùn kan ṣoṣo ló sábà ń tó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló ń sàn. Bó bá jẹ́ 7 sókè, oògùn márùn-ún ni wọ́n ń pa pọ̀, etoposide, methotrexate, actinomycin-D, cyclophosphamide àti vincristine, níbi tí àwọn tó mọ̀ ọ́n wà ni kó ti gbà á. Ìrètí ibẹ̀ náà ṣì ga.

Apá kan nínú ìdí tí a fi ní kí ẹ má pẹ́ nìyí. Oṣù tí ẹ bá fi jókòó sílé ń di máàkì.

Ètò kan tó wọ́pọ̀ fún àwọn tí máàkì wọn kéré rí báyìí: abẹ́rẹ́ methotrexate 50 mg sínú ẹran ara lọ́jọ́ kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje, hóró folinic acid 15 mg lọ́jọ́ kejì, ìkẹrin, ìkẹfà àti ìkẹjọ. Ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 15. Folinic acid máa ń tẹ̀ lé abẹ́rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 30: bí abẹ́rẹ́ bá wọlé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, hóró di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ fi fóònù ṣe álááàmù. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, abẹ́rẹ́ kẹrin á bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, nítorí náà ẹ béèrè ṣáájú ta ni yóò gún un, àti bóyá ilé ìwòsàn ìtòsí lè gba ìwé kó sì máa bá a lọ.

Àṣìṣe tó léwu jù níbí: folic acid kì í ṣe folinic acid. Folic ni hóró kékeré tí wọ́n ń fún aboyún, tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Folinic, tí orúkọ rẹ̀ kejì ń jẹ́ leucovorin, ni ó ń gba ara là lọ́wọ́ methotrexate. Bí kẹ́míìsì bá ní “ọ̀kan náà ni”, ẹ kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní folic acid nínú, ẹ dá a dúró títí dókítà á fi sọ̀rọ̀.

Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ kí ìpele kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. hCG náà ń bá a lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí nọ́ńbà bá dúró lójú kan, wọ́n á yí oògùn padà, ọ̀pọ̀ ìgbà sí actinomycin-D. Kì í ṣe àmì pé ọwọ́ ti tẹ́. Nígbà tó bá sì ti wá sísàlẹ̀ 5, wọ́n á tún fún un ní ìpele bíi mẹ́ta sí i. Gbogbo ẹni tó bá sá lọ níbẹ̀ pé òun ti sàn ń fi ìyókù sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ nínú ara.

Wọn kì í sábà nílò ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán jó jẹjẹrẹ, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ jókòó nílé torí pé kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nítòsí, ẹ má dá a lóhùn.

7. Nílé, láàárín abẹ́rẹ́ kan sí èkejì

Omi mímu ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ, nítorí kíndìnrín ló ń lé methotrexate jáde: píọ̀ wọ́tà onírọ́bà 50cl márùn-ún sí mẹ́fà lóòjọ́. Ààwẹ̀ kò bá ọjọ́ abẹ́rẹ́ mu, ì báà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti Ramadan. Ẹ sọ ọjọ́ ìtọ́jú fún pásítọ̀ tàbí àlùfáà tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló máa yọ̀ǹda.

Egbò ẹnu máa ń wá. Ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ sínú ife omi gbígbóná tó ti tutù, kí ẹ fi yọ ẹnu ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ata á jó yín, ẹ̀kọ gbígbóná á ta yín; ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ojú lè pọ́n, oòrùn lè tètè jó awọ ara, nítorí náà fìlà tàbí gèlè dáa lóko.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ bá methotrexate pàdé láìjẹ́ pé dókítà gbà á: Septrin, ibuprofen, diclofenac, aspirin, tí Alábùkún náà ní nínú. Àgbo náà ń bẹ níbẹ̀, kì í ṣe pé a kórìíra àgbo, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń ru ẹrù méjì pa pọ̀. Ọtí, rárá. Bí ọmọ bá ń mu ọmú, a ní láti já a, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ohun tí ọmọ máa jẹ.

Ẹ ra tẹ̀mómítà. Bó bá tó 38, ilé ìwòsàn ni, lóru ni o, lọ́sàn-án ni o. Sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà ti dín kù, nítorí náà ibà yẹn kò lè dúró de àárọ̀. Ẹ wọn ara kí ẹ tó mu parasítámọ́ọ̀lù, kó má baà bo ibà mọ́lẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ tó ń rin páàdì kan gbingbin láàárín wákàtí kan, orí fífọ́ tó kọjá ti tẹ́lẹ̀, gìrì, tàbí àìlèmí dáadáa. Lẹ́tà dókítà tó ń sọ oògùn tí obìnrin náà ń gbà ni kó wà nínú àpò rẹ̀ nígbà gbogbo, torí ẹni tó máa kọ́kọ́ rí i lóru lè má mọ ohun tí choriocarcinoma jẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó: kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ẹ̀ka tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn náà. Bí ẹ bá ní káàdì ìṣètò ìlera ti ìjọba, ẹ bi wọ́n èwo nínú àyẹ̀wò àti oògùn ló gbà. Ẹ ṣírò owó mọ́tò mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló sábà ń dá ìtọ́jú dúró ju owó oògùn lọ.

8. Lẹ́yìn tí nọ́ńbà bá ti wálẹ̀

Fún ẹni tó gba oògùn jẹjẹrẹ, hCG di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù fún ọdún kan, kò sì sí oyún ní ọdún náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé ọmọ ṣì wà, ọ̀pọ̀ jù lọ ló sì ń bímọ. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 ni mólà tún máa ń dé bá. Nítorí náà, nígbà tí oyún tuntun bá dúró, síkáàn ní oṣù kejì sí ìkẹta láti rí i pé ọmọ ni, kí ẹ sì fi ìwé histology àtijọ́ han nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, kí agbẹ̀bí wo ibi dáadáa kí wọ́n tó sin ín. Bí ó bá rí bákan, kí wọ́n gé lára rẹ̀ sínú fọ́málìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ lọ ṣe hCG lẹ́ẹ̀kan sí i, ì báà jẹ́ pé oyún náà bàjẹ́ tàbí pé a bí ọmọ.